Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ olùsìn ẹja àrọ̀: ẹ jẹ́ ká mọ òbí ẹja wa ká tó ra ìran tuntun

Ẹ̀yin aṣáájú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èrìwé lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìkòròdú, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń sin àrọ̀. Ẹ kú ìnáwó oúnjẹ ẹja tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Àwa tí à ń kọ̀wé sí yín yìí, ìdí ẹja tí a fi ń bímọ la wà: à ń gba ẹyin, à ń ṣàyẹ̀wò DNA. Ohun tí a wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ tó dá owó jọ láti ra akọ àti abo láti òkè òkun, ẹ jẹ́ ká fi àmì DNA mọ àwọn tó wà nílẹ̀ ná: ta ló bí ta, ta ló bá ta tan, èwo ni ojúlówó àrọ̀, èwo ni àmúlùmálà tí ẹ̀yà ẹja méjì pawọ́ pọ̀ bí.

Ẹjọ́ tó ń dé etígbọ̀ọ́ yín ló ń dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Wọ́n kó ọmọ ẹja 1,000 sí pọ́ńdù, oṣù márùn-ún pé, àwọn kan ti tó kílò kan, àwọn kan ò ju 300 gíráàmù lọ. Ẹyin ò pa dáadáa mọ́. Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi, oúnjẹ sì lẹ́bi tirẹ̀ lóòótọ́. Omi tí afẹ́fẹ́ ò tó nínú rẹ̀ náà lẹ́bi, ẹni tí kì í ṣa ẹja ńlá kúrò láàárín kékeré náà lẹ́bi. A ò ní purọ́ fún yín pé inú DNA ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tún omi ṣe, tó ń ra oúnjẹ gidi, tó ń ṣa ẹja lásìkò, tí wàhálà náà ò sì tán, kó yíjú sí táńkì tí àwọn òbí wà.

Akọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe abo: a gún un ní Ovaprim, abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin jáde, 0.5 ml sí kílò kan, nígbà tó bá di nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá nínú omi tó móoru díẹ̀, a tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin dà sínú abọ́, a dá ìyá padà sómi. Akọ ò rí bẹ́ẹ̀. Bó ti wù ká tẹ ikùn akọ àrọ̀ tó, àtọ̀ ò ní jáde; pípa la máa ń pa á, ká la inú rẹ̀, ká yọ ẹpọ̀n, ká gé e sínú omi iyọ̀ 0.9%. Ẹpọ̀n akọ kan sì lè tó ẹyin abo mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ hatchery, ilé tí wọ́n ti ń mú ọmọ ẹja jáde, fi ń pa akọ kan tàbí méjì fún abo mẹ́wàá. Ojú owó ni wọ́n fi wò ó, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹ sọ iye akọ di ìlọ́po iye abo, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ wá fi àpapọ̀ akọ àti abo pín in. Akọ 2 pẹ̀lú abo 10: 80 tí a fi 12 pín, ó kù díẹ̀ kó tó 7. Ìyẹn ni pé ní ti ìran tó ń bọ̀, ẹja 12 tí ẹ ń bọ́ yẹn ò ju ẹja 7 lọ, ìdàpọ̀ ẹbí, ìyẹn kí àwọn tó bára tan máa bára wọn bímọ, sì ń fi nǹkan bíi 7.5% lé sí i lórí ìran kan ṣoṣo. Ẹja 12 yẹn náà, bó bá jẹ́ akọ 6 àti abo 6 ni, ó di 12 gan-an, ìdàpọ̀ ẹbí sì já wá sí nǹkan bíi 4.2%. Akọ 25 àti abo 25 á mú un wá sí 1%, ibẹ̀ ló sì yẹ kí hatchery tó ń ta ọmọ ẹja fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn fojú sí. Bí a bá wá mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ ìyá ọmọ bàbá bára wọn bímọ, 25% ni lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan á sọ pé, "Àwa kì í lo akọ kan, àtọ̀ akọ márùn-ún la máa ń pò pọ̀." Ó dáa, ṣùgbọ́n àtọ̀ àwọn akọ ò lágbára bákan náà. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ sórí ẹyin kan náà, ó ṣeé ṣe kí akọ kan gba èyí tó pọ̀ jù, kí àwọn mẹ́rin yòókù kú lásán. Ohun tó dáa ni kí ẹ pín ẹyin sí abọ́ márùn-ún, kí ẹ da àtọ̀ akọ kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, kí ẹ bu omi sí i, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ bá fẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ibi tó wá burú jù ni bí a ti ń yan òbí tuntun. Ṣúútà la máa ń mú, ẹja tó dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ta ni kò ní fẹ́ràn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ṣúútà lè tóbi torí pé ẹyin ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa lóru ọjọ́ yẹn, tó sì ti fi wákàtí mélòó kan ṣáájú àwọn yòókù, tó wá ń fi àwọn àbúrò rẹ̀ jẹun láti ìgbà yẹn. Bí ṣúútà 20 tí ẹ ṣà jọ bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, bàbá kan, ojú lásán ò lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ ti mú ẹbí kan ṣoṣo ṣe òbí gbogbo ẹja ọdún tó ń bọ̀ láìmọ̀. Nídìí èyí gan-an ni àmì DNA ti wúlò jù lọ.

Bó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Láwọn ibì kan nínú DNA ẹja, lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta máa ń tún ara wọn kọ léraléra, iye ìgbà tí wọ́n tún ara wọn kọ sì yàtọ̀ láti ara ẹja kan sí èkejì. Microsatellite ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Ẹ̀rọ á wọn gígùn rẹ̀, á sì fi nọ́ńbà fún wa. Ẹja kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì níbi kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ká ní ìyá jẹ́ 152 àti 160, bàbá jẹ́ 148 àti 156. Ọmọ wọn ò lè jẹ́ ju 148/152, 148/160, 152/156 tàbí 156/160 lọ. Bí a bá rí ọmọ tó jẹ́ 152/164, ìyá yìí lè ti bí i, ṣùgbọ́n bàbá yìí kọ́. Bó bá jẹ́ 152/160, ẹ má tètè yọ̀ pé ó jọ ìyá rẹ̀: nọ́ńbà méjèèjì ò lè ti ara ìyá wá, bàbá mìíràn ló fún un ní ọ̀kan. Ibì kan ṣoṣo ò tó láti dájọ́. Ibi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ní oríṣiríṣi nọ́ńbà á yanjú rẹ̀ ní hatchery tí òbí rẹ̀ kò pọ̀. Bó bá jẹ́ SNP la lò, níbi tí lẹ́tà kan ṣoṣo ti yàtọ̀, a nílò tó 100 sí 200, torí pé ẹ̀yà méjì péré ni ibì kọ̀ọ̀kan máa ń ní. Bí àwọn bàbá tí a ń fura sí bá jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ẹ tún fi kún un, nítorí wọ́n jọra jù.

Àwọn tó ń sin sea cucumber ní Shandong àti Liaoning, nílẹ̀ Ṣáínà, ti dojú kọ ìṣòro tó ju tiwa lọ. Ẹ̀dá inú òkun ni, ara rẹ̀ rọ̀ bí ìgbín tí a yọ kúrò nínú ìkarahun. Àmì tí wọ́n bá gún sí i lára kì í pẹ́ jábọ́, bí wọ́n bá sì dà á láàmú jù, ó lè pọ ìfun rẹ̀ síta. Inú omi kan náà ni akọ àti abo ti máa ń tú àtọ̀ àti ẹyin sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ti ta ni. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń dà wọ́n láàmú jù: bí omi bá gbóná, kì í jẹun, ara rẹ̀ á máa sún kì. Àwọn onímọ̀ ti tẹ gbogbo DNA rẹ̀ jáde ní 2017, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi microsatellite mọ òbí. Wọ́n á da ọmọ oríṣiríṣi ẹbí pọ̀ sínú omi kan, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n dàgbà, wọ́n á wá fi DNA bi àwọn tó yè tó sì tóbi léèrè ẹbí wọn.

Dídà wọ́n pọ̀ yẹn ni ká kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá fi ẹbí kọ̀ọ̀kan sí táńkì tirẹ̀, táńkì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáa jù ni á gbé ẹbí tirẹ̀ borí, ẹ ó sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú omi kan, lórí oúnjẹ kan, ìyàtọ̀ tó bá kù, ọwọ́ òbí ló ti wá. Ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ṣeé fi àmì sí lára bákan náà, nítorí náà DNA nìkan ni orúkọ tó lè gbé wọnú pọ́ńdù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí a ó ti ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gún gbogbo abo, kí ẹyin lè pa láàárín wákàtí díẹ̀ síra wọn. Bí ẹbí kan bá fi ọjọ́ kan ṣáájú, á jẹ àwọn yòókù ni. Gíráàmù ẹyin kan tó nǹkan bí ẹyin 600 sí 700. Ẹ wọn 20 gíráàmù lára ẹyin abo kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in sí méjì, akọ kan sí ìdajì kan, akọ mìíràn sí ìdajì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni abo kan á ní ọmọ fún akọ méjì, akọ kan á ní fún abo méjì, tí ọmọ ìyá àti ọbàkan á fi pọ̀ tó láti fi ẹja wé ẹja. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n sì ti ń wá oúnjẹ, ẹ ka iye kan náà láti inú ẹbí kọ̀ọ̀kan, 1,000 fún àpẹẹrẹ, kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fojú bù ú, iye tó fojú bù ló máa fi ṣe èsì.

Nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ ṣa 200 tó tóbi jù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún fi àwọ̀n kó 100 láìṣà, bí wọ́n bá ṣe bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fo 100 yìí kí owó lè dín kù. Bí a kò bá ní i, a ó mọ ẹbí àwọn tó borí, ṣùgbọ́n a ò ní mọ̀ bóyá wọ́n pọ̀ láàárín àwọn tó borí torí pé wọ́n dára ni, tàbí torí pé àwọn ló pọ̀ jù nínú pọ́ńdù látilẹ̀wá. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ má mú ju méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú ẹbí kan ṣe òbí, bó ti wù kí ẹbí náà wù yín tó.

Lára lẹbẹ ẹja la ti ń gba DNA. Gígé lẹbẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, àmọ́ níbẹ̀ lọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ fi òróró kànáfùrù mú ẹja náà dẹ̀ ná. Kì í tú sínú omi fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ ethanol díẹ̀. Ẹ nu ìyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, torí pé ìyọ̀ ẹja mìíràn wà lára rẹ̀. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé etí lẹbẹ ìrù, tó bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà kan péré. Kí ẹ tó kan ẹja mìíràn, ẹ ti àlùmọ́gàjí náà bọ omi bílíìṣì, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún. Ethanol 95% ni kí ẹ fi pa á mọ́, kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran tí ẹ gé, kí ẹ sì pààrọ̀ ethanol náà lọ́jọ́ kejì, nítorí omi ara ẹran á ti là á. Ògógóró ò tó, ẹ má dán an wò. Formalin ló burú jù, ó máa ń ba DNA jẹ́. Bírò á para rẹ̀ rẹ́ bí ethanol bá kàn án; pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sórí pépà kékeré, kí ẹ sì ti pépà náà bọ inú ike. Ẹja tó bá ti kọjá 100 gíráàmù, ẹ gún PIT tag milimítà 12, àmì kékeré tí ẹ̀rọ ń ka nọ́ńbà rẹ̀, sí i nínú ẹran ẹ̀yìn, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ti inú ike lè bára mu.

Akọ tún nìyẹn. Kí ẹ tó pa á ni kí ẹ gé lẹbẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé bàbá ti di ẹja díndín kí ẹnikẹ́ni tó rántí ìrù rẹ̀, ọmọ 30,000 á wá wà nínú pọ́ńdù tí bàbá wọn ò sí nínú ìwé.

Láàbù náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ibì kan lè ka 152 ibòmíràn sí 154. Bí ẹ bá máa yí láàbù padà láàárín ọdún, ẹ fi ẹja márùn-ún tí a ti mọ nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ pẹ̀lú ti tuntun, kí wọ́n fi tún ìwọ̀n ṣe. Bákan náà, ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀rọ kì í rí ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjì, tí ìyá 152/160 á jáde bíi 152/152. Ọmọ rẹ̀ tó gba 160 á wá dà bí ọmọ àlè. Nítorí náà, ẹ má lé ẹja kúrò nínú ẹbí nítorí ibì kan ṣoṣo tí kò bára mu. Ibi méjì tàbí mẹ́ta ló lè fi dájú.

Ọ̀rọ̀ àmúlùmálà kàn. Àrọ̀ Clarias gariepinus ní chromosome (okùn tó gbé DNA) 56, ìbátan rẹ̀ Heterobranchus longifilis ní 52, ọmọ tí àwọn méjèèjì bá bí ní 54. Ó máa ń dàgbà kíá, ọjà ń fẹ́ ẹ, ẹ máa tà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn lè bímọ, ibẹ̀ ni ewu wà. Àkọ́bí àmúlùmálà ní lẹbẹ ọ̀rá kékeré lẹ́yìn, ojú lè rí i. Bí ó bá tún padà bá àrọ̀ bímọ, lẹbẹ náà á máa pòórá, ẹja á jọ ojúlówó, wọn á sì kọ "Dutch", orúkọ ìran àrọ̀ òkè òkun, sórí rìsíìtì rẹ̀. Àyẹ̀wò DNA tó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan wá ò lè tú àṣírí yìí, torí pé ìyá ló máa sọ, kò ní sọ bàbá. Ẹ sọ fún láàbù pé àmì tó ń ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá lẹ fẹ́. Àmúlùmálà tí a bá rí nínú táńkì òbí, ọjà ló kàn, láìwojú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá wá bá yín pé òun ní àyẹ̀wò "gẹ́ẹ̀nì ìdàgbà", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yín sápò. Ọ̀kẹ́ àìmọye ibi nínú DNA ló ń dá sí títóbi ẹja, ìpín ibì kọ̀ọ̀kan kéré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹja salmon ní Norway àti Scotland yàtọ̀: àrùn IPN ń pa ọmọ ẹja wọn, wọ́n wá rí i pé ibì kan ṣoṣo nínú DNA ló ń pinnu apá tó pọ̀ jù nínú ẹni tó máa yè. Láti nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti ń yan òbí nípa ibẹ̀, àrùn náà sì lọ sílẹ̀ gidigidi ní Norway. Àrùn ni, gẹ́ẹ̀nì ńlá kan ló wà nídìí rẹ̀. Títóbi kò rí bẹ́ẹ̀. Fún títóbi, ìwé ẹbí tó péye, òṣùwọ̀n àti sùúrù ni irinṣẹ́ wa.

Ní ti ìran tuntun láti òkè òkun: àrọ̀ tí à ń pè ní Dutch yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà ni baba ńlá rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tilapia GIFT, ìran tilapia tí wọ́n ń yan kó lè yára dàgbà, ní Philippines ní 1988, Íjíbítì, Gánà, Kẹ́ńyà àti Senegal ni wọ́n ti wá ẹja odò, wọ́n fi mẹ́rin kún un láti inú àwọn tí wọ́n ti ń sìn ní Éṣíà, wọ́n dán gbogbo wọn wò nínú omi tiwọn kí wọ́n tó yan. Wọn ò ra ẹja tí ẹlòmíràn ti parí. Odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lẹ́yìnkùlé wa, àrọ̀ wà níbẹ̀ tí DNA rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti inú táńkì wa. Ẹja odò kì í yára dàgbà nínú pọ́ńdù bíi tilé, a ò sì ní kẹ́ ẹ da púpọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí àmúlùmálà tí àgbàrá ń gbé kúrò nínú pọ́ńdù tó bà á jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò ju èyí lọ. Àwo oníhò 96 ni láàbù ń lò; bí a bá yọ ihò mẹ́rin sílẹ̀ fún ti àyẹ̀wò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, 92 ló kù. Àwo mẹ́ta gba ẹja 276. Ẹ yan hatchery mẹ́jọ, 30 òbí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 240. 36 tó kù, kí ó jẹ́ ti odò méjèèjì. Owó la fi ń pe owó: kí ẹgbẹ́ san ìdajì, kí hatchery san ìdajì. Èsì tó bá jáde, kí ẹ má fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ni kí hatchery máa jẹ́ nínú ìwé, kì í ṣe orúkọ. Lẹ́yìn náà, kí hatchery méjì tí òbí wọn ò tan pààrọ̀ akọ mẹ́wàá-mẹ́wàá láàárín ara wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú táńkì ọ̀tọ̀ kí àìsàn má bàa wọlé. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú ìwé gbogbo rẹ̀, kí ẹ̀dà kejì sì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́.

Ike, ethanol àti àlùmọ́gàjí, àwa la ó kó wọn wá. Ẹ̀yin, ẹ bá wa pe àwọn onílé hatchery jọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹyin, akọ kì í pẹ́ tán.

Àwa ni tiyín nídìí iṣẹ́ ìbímọ ẹja.